Soha Gbaguidi, àlejò tó di ọba Savalou

Ẹni tó bá ti Bantè ń bọ̀ wá sí Savalou lójú títì RNIE 3, títì tó sọ̀ kalẹ̀ láti Djougou àti Bassila, á gba ẹ̀gbẹ́ ojúbọ Dankoli kọjá kó tó wọ̀lú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yà níbẹ̀ rí mọ bó ṣe rí: èèkàn igi lórí èèkàn igi, epo pupa tó ti gbẹ tí wọ́n tún da tútù lé lórí, òórùn sódabì, àwọn tó wá tọrọ ọmọ, àwọn tó wá tọrọ iṣẹ́, àwọn tó wá san ẹ̀jẹ́. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn bóyá Nàgó ni tàbí Máhì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Savalou gan-an, tẹ́ ẹ dúró níwájú ààfin, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ààlà. Orúkọ kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀: Gbaguidi, orúkọ ilé tó ti ń jọba ní ìlú náà láti nǹkan bí irinwó ọdún. Ọkùnrin kan tó gun ẹfọ̀n ni àwòrán tí wọ́n fi ń rántí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Soha lorúkọ ẹ̀.

Àwa tá à ń sọ Itcha ní Bantè, tàbí Ifè ní Tchetti àti Doumè, tàbí Nàgó níbikíbi láàárín àwọn òkè Collines, etí wa máa ń nà tá a bá gbọ́ orúkọ ilé yẹn. Ẹ pè é díẹ̀díẹ̀. Ọba gidi ni. Ọ̀pọ̀ àgbà Máhì náà ló máa sọ fún yín pé ẹnu Nàgó ni orúkọ náà ti jáde. Kí ló wá mú ọkùnrin tí kì í ṣe Nàgó, tí èdè Nàgó kì í ṣe èdè bàbá ẹ̀, fi orúkọ Nàgó jọba lórí ìlú Nàgó? Ìtàn ayé Soha nìyẹn. Mo rò pé ó tọ́ ká máa sọ ọ́ lédè tiwa náà, kó má jẹ́ Fọ̀n àti Faransé nìkan ni yóò máa gbé e kiri.

Kò sí ìwé tí wọ́n kọ nígbà ayé ẹ̀. Ohun tá a ní ni ohun tí ààfin ń sọ, ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń sọ, àti ohun tí àwọn aláṣẹ Faransé àti àwọn onímọ̀ ìtàn kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà látẹnu àwọn àgbà. Àwọn kan fi ìjọba ẹ̀ sí òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn mìíràn mú un wá sí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ìtàn Savalou fúnra ẹ̀ ló sọ pé Soha bá Dako ti Houawé ṣọ̀rẹ́, ẹni tí wọ́n tún ń pè ní Dakodonou. Abomey ní tiẹ̀ máa ń fi ìjọba Dako sí nǹkan bí ọdún 1620 sí 1645. Tí ọ̀rẹ́ yẹn bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló yẹ ká máa wá Soha sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú òun dàgbà ju ti aládùúgbò lọ á fẹ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ìyẹn ò burú, gbogbo ààfin ló ń ṣe é.

Ibi tí wọ́n ní ìdílé ẹ̀ ti ṣẹ̀ ni Mitogbodji, létí adágún Ahémé, ní ìsàlẹ̀ ìlẹ̀ Benin, níbi tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti ń pàdé. Láti ibẹ̀ dé Savalou ju 150 kìlómítà lọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n ni, ilẹ̀ ẹja gbígbẹ àti akàn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, tó tún mọ Savalou, á mọ̀ pé ayé méjì ni. Ní Ahémé, ojú máa ń lọ jìnnà lórí omi. Ní Savalou, òkúta ló ń dí ojú. Ìran Soha kò kúrò níbi kan bọ́ síbi kejì lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣí, wọ́n tẹ̀dó, wọ́n tún ṣí. Damè wà lára ibi tí wọ́n ti dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n gòkè lọ sí Houawé, ìtòsí ibi tí Bohicon wà lónìí.

Kí ló ń lé wọn? Ìdí tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ohun àràmàǹdà ni. Ní gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín odò Mono àti odò Ouémé nígbà yẹn, àwọn ọmọ ọba tí kò jọba ló ń rìn kiri. Tado ti tú àwọn kan síta, àwọn yẹn dá Allada sílẹ̀; Allada tú àwọn kan síta, àwọn yẹn ni wọ́n wá di ọba Abomey. Ọmọkùnrin tó bá pọ̀ ju àga tó wà nílé lọ, ó di dandan kó wá àga síbòmíràn. Ó ń kó àwọn àbúrò, àwọn ìyàwó, àwọn ẹrú àti ère ilé dání, ó ń tẹ̀ síwájú títí ó fi dé ibi tí wọ́n á ti gbà á láàyè, tàbí ibi tí kò ti ní nílò pé kí wọ́n gbà á.

Houawé ni ọ̀nà Soha àti ti Dako ti pàdé. Dako yìí, ẹ gbọ́ ohun tí Abomey fúnra ẹ̀ ń sọ nípa ẹ̀, torí yóò wúlò fún wa níwájú. Àlejò ni òun náà níbẹ̀, láti ìran Allada. Wọ́n ní ó pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Donou, ó sì yí òkú ẹ̀ nínú ìkòkò aró. Láti ọjọ́ náà ló ti fi orúkọ ẹni tó pa kún tiẹ̀: Dakodonou. Ìkòkò aró sì wà lára àmì ìjọba ẹ̀ dòní. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Houégbadja jẹ, lẹ́yìn náà Akaba. Ìdílé yìí kan náà ni ìtàn Dan wà fún, onílẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ léraléra títí ó fi bínú bi wọ́n bóyá inú ikùn òun ni wọ́n tún fẹ́ kọ́lé sí. Wọ́n pa á, wọ́n kọ́lé lé e lórí, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Danxomè, inú ikùn Dan. Ìyẹn ni orúkọ tí Faransé pa dà fún gbogbo ilẹ̀ wa, tí a fi ń jẹ́ Dahomey títí di ọdún 1975.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni Soha ti dàgbà di ọkùnrin. Ọdẹ ni wọ́n ń pè é nínú ìtàn, ọdẹ tó lágbára, tó sì lóògùn. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni ẹfọ̀n. Wọ́n ní ó mú ẹfọ̀n sìn títí ẹranko náà fi gbà kó gun òun, tó sì ń gùn ún kiri lójú gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á rẹ́rìn-ín. Ẹ bi ọdẹ tó bá kù ní àgbègbè Bantè kó sọ fún yín nípa ẹfọ̀n. Ẹranko tí ọta bà tí kò kú, tó ń yí po wá bá ọdẹ látẹ̀yìn. Ẹranko tí àwọn ọdẹ Yorùbá ń bú tí wọ́n sì ń kì, tí wọ́n ka ìwo ẹ̀ sí ohun Ọya. Kìnnìún ò dẹ́rù bà wọ́n tó o. Nítorí náà, bóyá Soha gun ẹfọ̀n gidi tàbí kò gùn ún, ohun tí ìtàn náà ń sọ yé gbogbo èèyàn: ọkùnrin yìí gun ohun tí ẹnikẹ́ni ò gùn rí, kò sì já bọ́.

Ìtàn Savalou fẹ́ràn láti máa tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rẹ́ ni òun àti Dako, wọn ò bára wọn jà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mumi nínú kòtò kan náà, pàápàá tí ọ̀kan nínú wọn bá ń gun ẹfọ̀n wá sí ìpàdé. Èyí tó dájú nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Soha ò dúró sí Houawé. Dako gba ilẹ̀ pẹrẹsẹ, Soha kọjú sí àríwá. Ó kó àwọn èèyàn ẹ̀, ó gbà á lọ sí ọ̀nà odò Zou, ó sọdá, ó ń lọ síbi tí àwọn òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wá di láti ìgbà náà, irú ọ̀rẹ́ yẹn ló sì máa ń pẹ́.

Níbi tó dé, èèyàn wà níbẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wa rèé. Ìlú tó bá ń jẹ́ Tchébélou, Nàgó ni wọ́n. Ìran wọn náà ti ìlà-oòrùn wá, wọ́n ń ka Ifẹ̀, wọ́n ń ka Ọ̀yọ́, bí gbogbo wa ṣe máa ń ka á. Wọ́n ti ń dáko iṣu sí ẹsẹ̀ àwọn òkè yẹn, wọ́n ti ní olóyè, wọ́n ti ní òrìṣà. Àwọn náà bá àwọn kan lórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ni, àbí? Òkè bíi ti Savalou, tó ní omi nísàlẹ̀ tó sì ní ihò àpáta lókè, kò lè wà láìsí ẹni tó kọ́kọ́ sá wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò fi orúkọ ọba sílẹ̀, ẹni tí ò bá sì forúkọ ọba sílẹ̀, ìtàn kì í pẹ́ gbàgbé ẹ̀.

Kì í ṣe Savalou nìkan ló rí báyìí. Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa. Ní Ìdáàṣà, tí Faransé ń pè ní Dassa, ilé tó gba oyè ni Ọmọ Jagun, wọ́n sì sọ pé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá làwọn ti wá bá àwọn tó ti wà lára òkè yẹn ṣáájú. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó jẹ́ Savè, ilé tó ń tọ́ka sí Ọ̀yọ́ wà, ilé tó ń tọ́ka sí ọ̀dọ̀ Bààtọ́nù lápá Nikki náà wà, ìtàn ìlú náà sì kún fún bí oyè ṣe ṣí láti ọwọ́ ìran kan bọ́ sí ọwọ́ ìran kejì. Kò síbi kan tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí láàárín Ouémé àti ààlà Togo tí ọba ibẹ̀ á sọ pé inú ilẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá òun ti hù jáde bí olú. Wọ́n ń fi wíwá yangàn ni. Ẹni tó jìnnà ló ń jọba.

Bí Tchébélou ṣe bọ́ sí Soha lọ́wọ́, ogun ni ààfin sọ, wọ́n sì sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Àwọn ìdílé Nàgó kì í sábà sọ tiwọn ní gbangba, ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun kì í sábà ní akígbe. Ṣùgbọ́n orúkọ sọ nǹkan. Dako pa Donou, ó fi tipá gba orúkọ òkú sára. Soha ò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó jẹ ní ilẹ̀ tuntun, ẹnu àwọn tó ṣẹ́gun ló ti bọ́ sí i létí. Àwọn Nàgó rí ọkùnrin yìí, wọ́n rí ẹfọ̀n ẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ò lè lé e, wọ́n wá pè é ní ọba gidi. Bóyá ìyìn ni, bóyá ìbẹ̀rù ni, bóyá ẹ̀dùn ọkàn wà nínú ẹ̀, pé ọba tiwọn àná ò gidi tó. Òun ní tiẹ̀ gbà á, ó gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ahọ́n Fọ̀n àti Máhì gé fáwẹ́lì iwájú kúrò, ó di Gbaguidi, gbogbo ọmọ ẹ̀ sì ń jẹ́ ẹ dòní.

Orúkọ ìlú náà yí padà. Àwọn kan gbọ́ avalu nínú Savalou, ọ̀rọ̀ Fọ̀n fún ọ̀wọ̀ àti ìkíni, wọ́n sì so ó mọ́ ọ̀rẹ́ tó wà láàárín Soha àti Dako. Àwọn mìíràn ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju Tchébélou tí ẹnu àjèjì yí lọ. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Kí n kàn sọ pé tí mo bá pe Tchébélou, mo máa ń gbọ́ ìlú ní ìparí ẹ̀.

Nígbà tí Soha wá jókòó tán, iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀. Ogun ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń gba ìlú, ṣùgbọ́n òjò ò mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Ta ló máa bọ ilẹ̀? Ta ló mọ orúkọ àpáta, ta ló mọ ọjọ́ tí wọn kì í lọ sódò, ta ló mọ ohun tí òkè yẹn ń jẹ? Àwọn tó bá níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ilẹ̀ Fọ̀n àti Máhì, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní ayinon, olúwa ilẹ̀. Ọba ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí kì í ṣe ọba ló fi jẹ. Ahossou ni ọba, ó ni èèyàn àti ogun. Ẹlòmíràn ló ni erùpẹ̀. Àwọn ará ìgbà yẹn ò nílò ìwé òfin kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan méjì ni wọ́n.

Ẹ wo Sakpata, tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná tàbí Ọbalúayé, kí ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Oyè ayinon yẹn kan náà ni wọ́n fi ń kì í. Abomey fúnra ẹ̀ gbà pé ilẹ̀ Nàgó ní apá Dassa àti Savalou níbí ni òrìṣà náà ti wọlé tọ̀ wọ́n, àwọn ọba Abomey sì lé àwọn àwòrò ẹ̀ jáde nílùú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí wọn ò lè gba kí olúwa ilẹ̀ máa gbé inú ìlú kan náà pẹ̀lú ọba. Ní Savalou, wọn ò lé e. Sakpata jókòó, Gbaguidi jókòó. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n Soha wà ju orí ẹfọ̀n lọ. Ó gba àga, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e wá fẹ́ ọmọbìnrin àwọn tí wọ́n bá. Ọmọ tí ìyá bá jẹ́ Nàgó, tí bàbá bá jẹ́ ará Ahémé, èdè wo ló máa kọ́kọ́ sọ? Ìran méjì, mẹ́ta, ohun tí wọ́n ń pè ní Máhì ti ń hù: èdè tó sún mọ́ Fọ̀n, tí Gu àti Lisa àti Fa wà nínú ẹ̀, èyí tó jẹ́ Ògún àti Òrìṣà àti Ifá wa. Àwọn mìíràn wá dara pọ̀ mọ́ wọn láti àfonífojì Ouémé, àwọn tí ogun Dahomey ń lé bọ̀. Àwọn Nàgó tó fẹ́ dúró, wọ́n dúró. Lápá àríwá, ní ọ̀nà Bantè, Pira àti Gouka, àwọn Itcha ń ṣe ìlú tiwọn lọ, tí Gbaguidi kankan ò jókòó lé wọn lórí bó ṣe jókòó lé Savalou. Nítorí ẹ̀ lẹ fi máa ń rí i pé ju 50 kìlómítà péré lọ, èdè á ti yí padà lẹ́nu onímọ́tò.

A ò rí ìtàn kan tó sọ pé Soha kú lójú ogun. Ọba ni, ó wàjà, ọmọ ẹ̀ jẹ. Ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ló gba àkókò díẹ̀.

Ohun kìíní ni ọ̀rẹ́ Houawé yẹn. Láti àwọn ọdún 1730, ní ayé Agaja àti lẹ́yìn náà Tegbesu, Dahomey ń gun òkè wá kó àwọn Máhì lẹ́rú. Wọ́n sun ìlú, wọ́n sé òkè mọ́, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Ouidah. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Gezo tún bà wọ́n jẹ́ ní Hounjroto. Savalou kì í sábà wà lára àwọn tí wọ́n ń sun. Ààfin sọ pé nítorí májẹ̀mú Soha àti Dako ni. Àwọn ìlú tó yí i ká lè ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ nípa májẹ̀mú yẹn, torí tí ogun bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ kọjá láìfọwọ́ kàn ọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń lọ. Mi ò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ọba tó bá lè gba ìlú ẹ̀ lọ́wọ́ Dahomey ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, kò ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán.

Àwọn tí wọ́n kó lọ gbé orúkọ náà lọ sókè òkun. Ní Bahia, ní Brazil, àwọn ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Jeje Savalu títí di òní. Òrìṣà ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ jù, Sakpata àti àwọn ará ilé ẹ̀. Wọ́n rántí ìlú, wọ́n rántí olúwa ilẹ̀. Orí ẹfọ̀n ò tẹ̀ lé wọn sọdá òkun.

Ohun kejì ni Faransé. Béhanzin fi ara ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1894, lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo àwọn òkè yìí bọ́ sábẹ́ wọn. Wọ́n fi Savalou ṣe ibùjókòó cercle, alákòóso Faransé kan ń gbé ibẹ̀. Faransé fẹ́ràn ọba tó ní àkọsílẹ̀: ta ló bí ta, ọdún mélòó ló lò. Ilé Gbaguidi ní ìyẹn, wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́. Olúwa ilẹ̀ ò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àpáta, lóru. Nítorí náà ohun tí Soha ti yà sọ́tọ̀ sí méjì, ìwé ìjọba pa á pọ̀ di ọ̀kan: ọba ló wá di ẹni tó ni gbogbo ẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tá à ń gbọ́ lónìí, mo gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò wọn wà, kì í ṣe lọ́wọ́ Soha.

Mo ń kọ èyí nísinsìnyí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti tún dé iwájú wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn aṣòfin ní Porto-Novo dìbò fún òfin lórí oyè ìbílẹ̀, láti sọ ibi tó jẹ́ ìjọba ọba àti ibi tó jẹ́ oyè tó kéré sí i. Láti ìgbà náà, gbogbo ìdílé ló ń wá ìtàn, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Lórí WhatsApp, àwọn kan ń kọ ọ́ pé àlejò ni Gbaguidi, kí wọ́n dá oyè padà fún Nàgó. Àwọn kan ń fèsì pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Tchébélou rí, pé igbó dúdú ni Soha bá. Èyí àkọ́kọ́ gbàgbé pé àlejò ni Nàgó náà. Èyí kejì gbàgbé orúkọ tí òun fúnra ẹ̀ ń jẹ́. Tó bá jẹ́ pé igbó dúdú ni, ta ló wá pe Soha lọ́ba gidi? Igi?

Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ju 144,000 èèyàn ní kòmúùnù Savalou, ó sì ka ju 106,000 ní Bantè. Nínú gbogbo wọn, kò dájú pé a máa rí ọgọ́rùn-ún kan tí ìyá-ìyá àti bàbá-bàbá wọn wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Láti ìgbà Soha, ẹni tó bá gorí àga Savalou, yálà orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Lintonon tàbí Zoundégla tàbí Bahinnou, Gbaguidi ló máa jẹ́ mọ́ ọn. Tossoh, Gbaguidi kẹtàlá, wà lórí oyè wọ inú ọ̀rúndún tá a wà yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì rí i lójú. Ní 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, ọjọ́ ọdún iṣu, gbogbo ọmọ Savalou ń wálé láti Cotonou, láti Parakou, láti Lagos, láti Paris. Ọkọ̀ kún títì láti Dassa, ó kún un láti Bantè. Wọ́n ń gún iyán, èyí tí wọ́n ń pè ní agou, pẹ̀lú laboko tuntun, iṣu tí àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ òkè yẹn ti ń gbìn kí ẹnikẹ́ni tó gun ẹfọ̀n dé. Kí wọ́n tó jẹ ẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi fún àwọn tó ni ín. Lẹ́yìn náà ni ọba á jáde síta, ìlù á sọ, ogunlọ́gọ̀ á sì pariwo orúkọ náà, Máhì, Fọ̀n, Itcha, Ifè, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, ní Nàgó.